Ta Ni Yóò Tún Fìlà Ṣọ́jà Ṣe?

Ẹni tí ó bá ti ṣe ṣọ́jà rí, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó tí ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì. Bí irú wa bá rí ọmọ ogun kan lójú pópó, kì í ṣe ojú onítọ̀hún ni a kọ́kọ́ ń wò. Bàtà rẹ̀ ni a ń wò. Láti ibẹ̀ a óò gòkè dé ìgbànú, a óò ka bọ́tìnnì, a óò wo apá aṣọ bóyá méjèèjì dọ́gba, lẹ́yìn náà ni a óò gbé ojú sókè sí fìlà. Kí onítọ̀hún tó kọjá lọ, a ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Bí ohun gbogbo bá wà ní ipò rẹ̀, inú wa a dùn bí ẹni pé àwa ni a bí i. Bí bọ́tìnnì kan bá ṣí sílẹ̀, ọ̀fun a bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀fun tí ń yún ni yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lónìí. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ajagunfẹ̀yìntì pe ọmọ ogun tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì sọ fún un pé aṣọ ìjọba tí ó wọ̀ kò gún?

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo lò nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà. Zaria ni wọ́n ti kọ́ mi ní iṣẹ́ ní 1979, wọ́n kó wa lọ sí Làìbéríà, mo sì fẹ̀yìn tì ní 2003. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ni mo wà ní Midrand, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn tí èmi sì ń bá wọn mú àwọn ọmọ ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá dé Midrand rí, kí ó rántí bí Ṣàgámù ti wà ní ojú ọ̀nà láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Halfway House ni àwọn òyìnbó àtijọ́ ń pe ibẹ̀, nítorí pé agbedeméjì ọ̀nà ni ó jẹ́ láàárín Johannesburg àti Pretoria, ibẹ̀ ni àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rìnrìn àjò ti ń sinmi. Láti 2000 ni ó ti bọ́ sábẹ́ ìlú Johannesburg. Ibẹ̀ ni Ilé Aṣòfin Gbogbo Áfíríkà wà, ibẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí ńlá Nizamiye tí wọ́n ṣí ní 2012 wà, èyí tí ilé gogoro rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yọ sí ènìyàn láti ojú ọ̀nà tí ó jìnnà. Nítorí pé ìhà Pretoria ni olú ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun àti ọ̀pọ̀ bárékè wọn wà, ènìyàn kì í ṣe aláìrí ọmọ ogun ní Midrand ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n sì ń bọ̀.

Mo wà ní ibùdókọ̀ ojú irin Gautrain ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró nítòsí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, ó wọ kàmó ọmọ ogun ilẹ̀ náà. Ó ti ká fìlà rẹ̀ há sí èjìká, bọ́tìnnì méjì òkè ṣí sílẹ̀, ó ká apá aṣọ kan sókè, ó jẹ́ kí ìkejì wálẹ̀. Ó ki okùn orin bọ etí, ó sì ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, ohun tí òfin ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ fi àyè gbà. N kò purọ́, ọ̀fun ń yún mi. Ṣùgbọ́n bàbá òyìnbó kan ti ṣáájú mi. Yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gún ṣánṣán. Ó lọ dúró ní iwájú ọmọ náà, ó sì fi ohùn tí mo mọ̀ dáadáa pàṣẹ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ó dé fìlà rẹ̀, kí ó pa bọ́tìnnì rẹ̀ dé, àti pé ìtìjú ni ó jẹ́ fún aṣọ tí ó wọ̀. Gbogbo ojú yí sí wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bínú. Ó rọra yọ okùn orin kúrò ní etí rẹ̀, ó wo bàbá náà láti òkè dé ilẹ̀ bí àwa náà ti í wo ènìyàn, ó wá béèrè pé, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ológun wo ni ẹ ṣe?" Bàbá náà dáhùn pé ti ilẹ̀ yìí ni. Ọmọ náà ní, "Èwo nínú wọn?" Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ dé, ọmọ náà wọ ọkọ̀ ti iwájú pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀ ní ṣíṣí, bàbá náà wọ èyí tí èmi wọ̀. Títí tí a fi dé Centurion, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ọ̀pá.

Ẹni tí kò mọ ìtàn ilẹ̀ náà lè rò pé ọmọ náà kàn yájú sí àgbà ni. Ìbéèrè tí ó béèrè wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1967 títí di 1993 ni ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun fi òfin mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun wọ iṣẹ́ ológun, yálà ó wù wọ́n tàbí kò wù wọ́n. Wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí ogun ní Nàmíbíà àti Àǹgólà. Nígbà tí ó sì di 1984, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú láti tẹ àwọn ènìyàn rì. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ nígbà náà. Ní òdìkejì, àwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ ẹgbẹ́ ANC, tí wọ́n ń pè ní Umkhonto we Sizwe, ti bẹ̀rẹ̀ ìjà láti oṣù kejìlá 1961, àwọn wọ̀nyí sì gba ẹ̀kọ́ ogun nínú igbó Àǹgólà àti Tànsáníà, níbi tí kò ti sí irin tí a fi ń lọ aṣọ. Àwọn ọmọ ogun APLA náà wà. Ìlú mẹ́rin tí ìjọba náà pín fún àwọn aláwọ̀ dúdú, Transkei, Bophuthatswana, Venda àti Ciskei, ní ọmọ ogun tiwọn. Ní 1994 ni wọ́n kó gbogbo méjèèje pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n sì dá aṣọ mìíràn fún un, kàmó tí ọmọ wa yẹn wọ̀.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ó rí aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn nígbà tí ó wọ àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Bàbá òyìnbó náà sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n fi tipá mú ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí gbogbo ohun tí ó mú bọ̀ kò ju ẹ̀yìn tí ó gún àti ojú tí ń ka bọ́tìnnì. Ohùn tí bàbá rò pé òun fi ń tún fìlà ṣe, ohùn tí ó ń lé ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà ni ó jẹ́ ní etí ọmọ. Òfin ilẹ̀ náà ti gbìyànjú láti mú gbogbo wọn dọ́gba: òfin àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ pé ajagunfẹ̀yìntì ni ẹni tí ó jà ní ìhà èyíkéyìí láàárín 1960 sí 1994. Ìhà èyíkéyìí! Òfin lè kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etí ọmọ ènìyàn kì í tètè ka òfin.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwa arúgbó ogun kì í fẹ́ gbọ́. Òfin aṣọ tí a mọ̀, òfin ìgbà wa ni. Ẹ gbé ọ̀ràn Májọ̀ Fatima Isaacs yẹ̀ wò, obìnrin Mùsùlùmí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Wynberg, ní Cape Town. Ó máa ń wé ìborùn pélébé kan sí abẹ́ fìlà ṣọ́jà rẹ̀. Ní 2018, wọ́n ní kí ó ṣí i, ó kọ̀. Ní 2019, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ológun pé ó ṣe àìgbọràn. Nígbà tí ó di oṣù kìíní 2020, wọ́n fa ẹjọ́ náà padà. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n yí ìlànà aṣọ náà padà kí àwọn obìnrin Mùsùlùmí lè wé ìborùn sí abẹ́ fìlà wọn. Ká ní ajagunfẹ̀yìntì kan pàdé obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí Midrand ní 2022, tí ó sì pariwo mọ́ ọn pé kí ó ṣí ìborùn, ajagunfẹ̀yìntì náà gan-an ni yóò máa ta ko òfin. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rò pé òun ń gbèjà iṣẹ́ ológun.

Mo mọ̀ pé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé bá ka ibi tí mo dé yìí, wọn yóò ti máa mi orí. Wọn yóò ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn yóò tún fi èyí tí ṣọ́jà fẹ́ràn jù lé e, pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, àkísà ni òwe náà sọ pé a ní. Ẹni tí ó ní àkísà kì í fi í pàṣẹ fún ẹni tí ó wọ aṣọ tuntun. Ìtàn ni ó lè fi í sọ fún un.

Nínú ètò ogun àwọn baba wa, kò sí ohun tí ń jẹ́ ajagunfẹ̀yìntì. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sí Balógun tí wọ́n fún ní ìwé pé kí ó máa lọ sí ilé. Jagunjagun tí ó dàgbà, oyè ni ó ń gùn sí, àṣẹ rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ní Ìbàdàn títí di òní, ọ̀nà Balógun jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí ènìyàn ń gbà dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá rí jagunjagun àgbà, inú rẹ̀ ń sọ fún un pé àṣẹ ń bẹ lẹ́nu onítọ̀hún. Iṣẹ́ ológun ti òyìnbó tí àwa ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé ìdásílẹ̀, mo fi ìbọn, fìlà àti àṣẹ sílẹ̀ ní orí tábìlì kan náà. Akọ̀wé tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi kò ju kọ́púrà lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí òfin Nàìjíríà tàbí ti Gúúsù Áfíríkà tí ó ní kí ọmọ ogun kan jẹ́ mi ní hùn.

Kí wá ni ó kù lọ́wọ́ wa? Ní Ìtọ́kò ní Abẹ́òkúta, nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan ń gbé àdúgbò wa tí ó lọ sí ogun Bọ́mà, ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà tí àwọn òyìnbó kó lọ bá àwọn ará Japan jà títí di 1945. Iwájú ilé ni ó máa ń jókòó sí. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ṣọ́jà pọ̀ ní ìgboro bí eéṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń mu ọtí kiri pẹ̀lú ìgbànú ní títú. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò tí ó wọṣẹ́ bá ń kọjá, Bàbá Bọ́mà a fi ìka pè é, a ní, "Ọmọ Ìyá Alákàrà, sún mọ́ mi." Kò ní sọ nǹkan mìíràn. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìgbànú ọmọ náà wọ ipò, yóò nu ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ tirẹ̀, yóò sì ní kí ó kí ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè yóò rò pé wọ́n ń kí ara wọn ni. N kò rí èyí tí ó yájú sí i rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ṣọ́jà kan tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kọjá, aṣọ rẹ̀ rí játijàti. Bàbá wò ó títí ó fi yà ní ìkòríta, kò pè é. A bi í pé kí ni ó dé. Ó ní, "N kò mọ ilé wọn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ogun Bọ́mà ni ó fún bàbá yẹn ní agbára lórí ìgbànú àwọn ọmọ náà. Mímọ̀ tí ó mọ ìyá wọn ni. Àṣẹ òbí ni ó ń lò, kì í ṣe ti sájẹ́ǹtì, ó sì mọ ibi tí ó ti tán. Ní ibùdókọ̀ Midrand, kò sí ẹni tí ó mọ ìyá ẹnì kankan. Bí a bá dé irú ibẹ̀ tí a sì lo ohùn páréèdì, owó tí wọ́n ti fagi lé ni a ń ná. Èmi tí mo jẹ́ àlejò wá ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ń pariwo mọ́ ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà ní gbangba, kí ó máa retí ìdáhùn tí yóò le ju ti bàbá òyìnbó lọ.

N kò wá sọ pé kí a di ẹnu wa. Aṣọ náà kì í ṣe ohun eré. Ní oṣù kẹjọ 1990 ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Monrovia, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ lẹ́yìn wọn. Nínú ogun náà, àwọn oníjà wà tí wọ́n ń dé irun èké, àwọn mìíràn ń wọ aṣọ ìgbéyàwó obìnrin pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Kò sí bí aráàlú ṣe lè mọ ẹni tí ó jẹ́ ti ta ni. Ìyá arúgbó kan wà ní Monrovia tí kò jẹ́ kí a wọ ọgbà òun títí tí ó fi sún mọ́ mi, tí ó fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ mi ní àyà aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kà á tán, ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò wo bàtà mi. Ẹrẹ̀ bò ó dé kókósẹ̀, kò sì jọ ọ́ lójú.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé nínú gbogbo ohun tí ń bẹ lára aṣọ ọmọ ogun, orúkọ àyà ni ó jẹ́ ti aráàlú. Fìlà jẹ́ ti sájẹ́ǹtì rẹ̀, bọ́tìnnì jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ páréèdì ni wọn yóò yanjú rẹ̀. Ẹni tí ó bá bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí ó yọ ọ́ kúrò, tí ó sì gbé ìbọn wọ àárín ìlú, ọ̀ràn tèmi tìrẹ ni onítọ̀hún. Ní Alexandra, tí kò jìnnà sí Midrand, ni Ọ̀gbẹ́ni Collins Khosa ti kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ òfin kónílé-ó-gbélé ìgbà àrùn Kòrónà lù ú nínú ọgbà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹbí rẹ̀ ti ṣàlàyé fún ilé-ẹjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Adájọ́ Hans Fabricius ti ilé-ẹjọ́ gíga ní Pretoria pàṣẹ pé kí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ìjọba sì tẹ ìlànà ìwà tí ó yẹ ọmọ ogun jáde. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ èyíkéyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí ń wá ni orúkọ: ta ni ó wọlé? Kò sí ìyá tí ó ń béèrè bóyá fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún.

Nítorí náà, bí ajagunfẹ̀yìntì bá ní ẹ̀mí láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó ná an lórí orúkọ tí a bò. Kí ó má sì dá a ṣe pẹ̀lú ariwo. Kí ó wo iye àmì tí ó wà ní èjìká onítọ̀hún, ibi tí ó dúró sí àti aago tí ó jẹ́, kí ó sì lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá inú ṣọ́jà tàbí ní bárékè tí ó súnmọ́ jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà máà jẹ́ ọmọ ogun rárá. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olè ń wọ aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n ń tan iná aláwọ̀ búlúù lórí mọ́tò láti fi dá ènìyàn dúró. Ní Nàìjíríà náà, a mọ àwọn ayédèrú ṣọ́jà. Irú wọn kì í ṣe ẹni tí a ń tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ká tilẹ̀ sọ òótọ́ fún ara wa, àwa alára ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá 2021, ní ilé ìtura St George's ní Irene, tí ó wà ní òkè Midrand, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ha àwọn mínísítà mọ́ inú gbọ̀ngàn ìpàdé nítorí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní ìjọba kò fún wọn, títí tí ọlọ́pàá fi wọlé, tí wọ́n sì kó èyí tí ó lé ní àádọ́ta nínú wọn. Ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ẹgbẹ́ MKMVA wọ kàmó, wọ́n lọ ṣọ́ ilé ààrẹ àná, Jacob Zuma, ní Nkandla, bí ẹni pé wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà, ANC tú ẹgbẹ́ náà ká. N kò sọ pé wọn kò ní ẹ̀dùn ọkàn. Nílé wa náà, mo mọ ohun tí ó jẹ́ kí arúgbó ogun sun iwájú ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Abuja nítorí owó rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ogun kékeré ń wò wá. Ó ń rí wa ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, tí àwọn kan nínú wa ń fi àmì ẹ̀yẹ ẹlòmíràn há àyà, tí fìlà wa ti ṣá, tí bàtà wa sì jẹ́ ti ìyàwó ilé. Ojú wo ni yóò fi gba ìbáwí lọ́wọ́ wa?

Mo ti bá ọmọ ogun sọ̀rọ̀ aṣọ ní Midrand lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mall of Africa ni, ní ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ tí ń fúnra rẹ̀ rìn. Ọmọbìnrin ni, sájẹ́ǹtì, ó ru àpò méjì, okùn bàtà rẹ̀ kan sì ń wọ́ nílẹ̀. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, okùn bàtà rẹ." Ó ní, "Ẹ ṣé, Baba." (Èdè Zulu náà ń pe bàbá ní baba, ohun tí ó máa ń mú inú mi dùn ní ilẹ̀ náà.) Ó gbé àpò sílẹ̀, mo bá a dì í mú, ó so okùn. Nígbà tí ó dìde, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, tí ó tẹ̀ ẹ́ sí ipò, tí ó sì wo ojú mi. N kò tíì sọ nǹkan kan nípa fìlà. Ó béèrè pé ṣé mo ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nílé wa. A rẹ́rìn-ín, ó gba àpò rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣogbo, tí a jọ wà ní Zaria, kò gba èyí lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti di òyìnbó, pé bí a kò bá lè bá wọn wí mọ́, iṣẹ́ náà yóò bàjẹ́ tán. Ọ̀nà tí òun wá gbà ni pé bí ó bá rí ṣọ́jà tí aṣọ rẹ̀ kò gún ní gáréèjì tàbí ní ọjà, yóò fi fóònù ya á ní bòókẹ́lẹ́, yóò sì gbé àwòrán náà sí inú ẹgbẹ́ wa ti orí fóònù kí gbogbo wa lè bú u. Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó fi ti ọmọ kan ránṣẹ́ tí ó sùn lórí bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ nílẹ̀, bàtà rẹ̀ ní ṣíṣí, orúkọ rẹ̀ sì hàn kedere ní àyà. Mo pè é, mo ní bóyá ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bọ̀rnó dé ni, pé ká ní òun kàn fọwọ́ tọ́ ọ, kí ó gbé fìlà rẹ̀ fún un, ìyẹn ìbá ti tó. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó pa àwòrán náà rẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Títí di alẹ́ àná tí mo wò ó kẹ́yìn, ó ṣì wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tàdínlógún sì ti fi ẹ̀rín sí abẹ́ rẹ̀.